Ta Ni Yóò Sunkún Igbó Kétu?

Ẹ̀yin ará Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ará Ìdìgní, ẹ̀yin ará Adakplamẹ̀, ẹ̀yin ará Kpankú, Òdòmẹ́ta àti Òkpòmẹ́ta, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọyẹ́ ti kọjá, òjò àkọ́rọ̀ ti kan ilẹ̀, koríko tútù sì ti ń yọrí jáde nínú eérú. Ẹni tó bá ń gba ojú títì kọjá lè rò pé ohun gbogbo ti padà sí bó ṣe wà kí iná tó jó igbó. Kò padà. Igi tó kú ti kú. Ẹni tí àká àgbàdo rẹ̀ jóná kò tíì rí òmíràn kó sínú rẹ̀. Ọdẹ tó mọ ibùba ọ̀yà padà dé ibẹ̀, ilẹ̀ dúdú ló bá. Arò ni mo wá ké.

A máa ń ké arò fún ọba, fún akọni, fún ọmọ tó kú ṣáájú ìyá rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn jókòó kí ó máa ké arò fún igbó. Bí ilé kan ṣoṣo bá jó láàárín ìgboro, gbogbo àdúgbò á péjọ, tọmọdé tàgbà á dáwọ́ lérí, wọ́n á bá onílé dárò, wọ́n á dá owó jọ fún un. Ṣùgbọ́n bí igbó bá jó fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó máa wo èéfín rẹ̀ lókèèrè, a ó ní iná ẹ̀ẹ̀rùn ni, a ó sì lọ jẹun. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iná ti ń jẹ igbó wa tipẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí àdánù mọ́.

Láti oṣù Bélú ni koríko orí òkè pẹrẹsẹ Kétu ti ń gbẹ. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ̀ bá fi máa wọlé, ọyẹ́ á ti fa omi ara rẹ̀ tán, ewé á máa dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè ọya á sì máa fẹ́ láti òwúrọ̀ títí tí oòrùn yóò fi mú. Ohun tó kù kò ju ẹni tí yóò ṣáná sí i. Àgbẹ̀ kan ń sun pàǹtí oko, kò ro etí oko kí ó tó dáná. Ọdẹ kan fẹ́ lé òkété jáde nínú ihò. Ẹni tó lọ fín oyin gba afárá tirẹ̀ tán, ó gbàgbé ẹyin iná sí ìdí igi. Asunèédú bo iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn hú u síta lóru. Darandaran ń wá ewé tútù fún màlúù, nítorí koríko tó jó máa ń rúwé tuntun kí òjò tó dé. Ó yá wa lára láti di gbogbo ẹrù yìí ru àwọn darandaran Fúlàní nìkan, pàápàá nígbà tí ìjà oko bá ti wà nílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ tó ń ṣáná sí igbó Kétu pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọwọ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà.

Màjàlà ló máa ń kọ́kọ́ jíṣẹ́. Obìnrin tó sá ẹ̀gẹ́ sórí ẹní lẹ́yìnkùlé yóò rí i tí nǹkan dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń já bọ́ sórí funfun. Yóò gbójú sókè, yóò rí i pé ojú ọ̀run apá ibì kan ti pọ́n. Òórùn rẹ̀ á dé, lẹ́yìn náà ariwo rẹ̀, nítorí iná ọ̀dàn ní ariwo: ó ń ta ṣáṣáṣá, ó ń bú ramúramù nígbà tó bá dé inú koríko gíga. Nígbà náà ni ìyá yìí yóò figbe ta. "Iná o! Iná oko o! Ẹ gbà wá o!" Ẹni tó wà nídìí ọlọ á fi ọlọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé á sáré lọ tú ewúrẹ́ lókùn. Wọ́n á gbé arúgbó tí kò lè rìn sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n á sì gbé e lọ sí ojú títì, níbi tí ilẹ̀ ti pọ́n, tí kò sí koríko.

Àwọn ọkùnrin á já ẹ̀ka igi tútù, èyí tó ní ewé púpọ̀ tó sì nípọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kì í dojú kọ orí iná, nítorí orí iná kò ṣeé dojú kọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lù, láti ẹ̀yìn wá, kí ìbú rẹ̀ lè máa dín kù. Àwọn mìíràn á mú ọkọ́ àti àdá, wọ́n á sáré lọ síwájú, wọ́n á ro ilẹ̀ gbalaja kí iná má bàa rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbà kan tó mọ ìrìn atẹ́gùn á ní kí wọ́n fi iná pàdé iná: wọ́n á ti ojú ọ̀nà dáná sí koríko tó kù láàárín, kí méjèèjì lè pàdé kí wọ́n sì kú pọ̀. Iṣẹ́ eléwu gbáà ni. Bí atẹ́gùn bá yí padà lójijì, àwọn tó dáná yẹn ni iná méjì yóò há mọ́ àárín. Àwọn obìnrin ni ti omi. Garawa, agbada, bídọ̀n tí wọ́n dì mọ́ ọ̀kadà, ohunkóhun tó bá lè gba omi dúró. Wọ́n á da á sórí òrùlé, wọ́n á da á sí ara àká, wọ́n á rẹ àpò nínú rẹ̀ kí àwọn ọkùnrin lè fi lu iná.

Omi náà dà? Ẹni tó bá mọ Kétu mọ ohun tí mo ń sọ. Orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú náà wà. Omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jìn, kànga kì í tètè kan án. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa fi gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ láti fi gba omi òjò pamọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wíwá omi mímu gan-an ń jí ìyá ọlọ́mọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Omi yìí kan náà ni wọ́n ń dà sínú iná. Obìnrin tó da garawa rẹ̀ tó gbẹ̀yìn sórí òrùlé aládùúgbò mọ̀ pé òun kò ní omi tí òun yóò fi se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dà á síbẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà tí ènìyàn lè pè ní Bẹ̀nẹ̀ fún panápaná, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pọ́ńpíyè: 118 ni. Iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń ṣe kò kéré, n kò sì ní kó ẹ̀gàn bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò. Kútọnu, níbi tí agbára ìjọba pọ̀ sí jù, lé ní 100 kìlómítà sí Kétu. Láti ojú títì Kétu dé abúlé tó wà nínú ọ̀dàn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, òmíràn kò gbà ju ọ̀kadà lọ. Fóònù gan-an kì í sì í wọlé níbi gbogbo. Ọkọ̀ omi tó tóbi tó ilé, báwo ni yóò ṣe gba àárín oko òwú kọjá? Iná oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tó ń pa iná ni ẹni tí iná ń bọ̀ wá jó ilé rẹ̀: àgbẹ̀ tó wọ sálúbàtà, ọmọ ọdún 15 tí kò ní ìbòmú, ìyàwó ilé tó gbé garawa lórí tó sì pọn ọmọ. Bí alẹ́ bá lẹ́, ojú gbogbo wọn á pọ́n, ikọ́ á máa gbẹ́ wọn láyà, wọn kò sì ní lè sùn, torí kùkùté tó ń rú èéfín lè tún gbiná láàárín òru.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àdánù á hàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àká. Àgbàdo tó wà nínú àká kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan. Òde rẹ̀ á jó, àárín rẹ̀ á máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, èéfín funfun á máa yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi igi tú u, ẹ ó bá a tí ọ̀pọ̀ hóró ti là di gúgúrú nínú eérú. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á sáré wá ṣà á jẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn kò ní lè rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ títí di àgbàdo tuntun ni wọ́n ń ṣà jẹ lójú rẹ̀ yẹn, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, owó iléèwé náà wà níbẹ̀. Yóò bu ìyókù sínú igbá, yóò máa fẹ́ ẹ, yóò máa ṣa èyí tí kò jó sọ́tọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dú dé ìgúnpá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á gbóòórùn èéfín títí wọn ó fi jẹ ẹ́ tán. N kò mọ ìnira tí a lè fi wé e.

Ìtàn fi yé wa pé iná ni Kétu fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọba Ẹdẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí ìlú wà lónìí, wọn kò ní iná lọ́wọ́. Obìnrin Fọ̀n kan tí wọ́n bá nítòsí ibẹ̀, Yá Panku, ni wọ́n lọ tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀. Kétu kò gbàgbé oore náà: bí wọ́n bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ, láti agbo ilé Yá Panku ni wọ́n ti ń mú iná wá. Iná tí ènìyàn fi ọwọ́ méjèèjì tọrọ, tó gbé wálé jẹ́jẹ́, tó fi iyì fún ẹni tó fún un: irú iná tí àwọn tó tẹ ìlú yìí dó mọ̀ nìyẹn.

Iná ni wọ́n sì fi pa Kétu run. Ìlú tí Àjàyí Crowther fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní 1853, tí odi àti yàrà yí ká, tí ẹnubodè Akaba Ìdẹ̀nà dúró gírígírí níwájú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ló dó tì í nígbà ayé ọba Glele, wọ́n sì fọ́ ọ ní ọdún 1886. Wọ́n pa èyí tí wọ́n pa, wọ́n kó èyí tó kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn, wọ́n dáná sun ilé. Fún ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tó ń dá iná oúnjẹ nínú Kétu. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé lábẹ́ ọ̀gágun Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó yè bẹ̀rẹ̀ sí padà, tí wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó ní 1893 sí 1894. Àwọn tó padà yẹn kò ní ilé, kò ní àká, kò ní oko. Igbó ni wọ́n ní. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti gé òpó, inú rẹ̀ ni wọ́n ti gé bẹẹrẹ tí wọ́n fi bo ilé, inú rẹ̀ ni wọ́n ti já ewé tí wọ́n fi wo ọmọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti pa ẹran tí wọ́n jẹ títí tí iṣu fi ta. Igbó yìí ni àwa ọmọ ọmọ wọn ń wò lójú nígbà tó ń jó.

Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ìwọ náà gbọ́. Ìwọ tí wọ́n ń pè ní ọba Kétu títí di òní ní Bàháyà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ yìí gbé orúkọ Kétu lọ, tí wọ́n fi sọ ilé òrìṣà wọn. Ọlọ́fà tó ń ṣọ́ igbó, àwọn ọmọ rẹ lókè òkun ṣì ń wọ aṣọ rẹ fún ọ, wọ́n ṣì ń jó ijó ọdẹ fún ọ. Bí wọ́n bá wá kí ilé lónìí, igbó wo ni a ó fi hàn wọ́n? Ibo ni a ó mú wọn dé tí a ó ní ibí ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti ń dẹ̀gbẹ́?

Mo ń sunkún ìrókò. Ẹni tí kò bá rí bí iná ṣe ń pa ìrókò rí kò lè mọ̀ pé igi lè kú ikú oró. Iná koríko kò lè jó igi náà láti òde, èèpo rẹ̀ nípọn. Ihò tó wà ní ìdí rẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, ihò tí ọdẹ kan ti dáná sí rí tàbí tí ikán ti jẹ. Bó bá ti wọlé, á máa jẹ inú lọ sókè. Òde igi á dúró, ewé á wà lórí, ṣùgbọ́n èéfín á máa yọ láti orí rẹ̀ lókè fíofío. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, igi náà á wó, gbogbo abúlé á gbọ́ ọ, ilẹ̀ á mì. Igi tí baba baba bàbá ẹni bá níbẹ̀ ni. Mo ń sunkún apá, mo ń sunkún arère, mo ń sunkún igbá tí àwọn ìyá wa ń ká èso rẹ̀ ṣe irú, mo ń sunkún ẹmi tí wọ́n ń fún òrí rẹ̀. Ọ̀pẹ máa ń yè, ó máa ń dúró pẹ̀lú imọ̀ tó gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ọ̀pẹ kì í yè. Mo ń sunkún ahun, tí kò lè sáré. Mo ń sunkún ìgbín àti ẹyin àparò. Mo ń sunkún ewé tí adáhunṣe mọ orúkọ rẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀, tó jẹ́ pé orúkọ náà àti ewé náà jọ ń lọ ni.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́, ijó abojú tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí? Kétu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ti ṣẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà àtẹnudẹ́nu tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, wọ́n sì tún kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. A jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n igi la fi ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Agbẹ́gilére tó ń lọ wá igi tútù tó rọrùn gbẹ́ ń rìn jìnnà sí i lọ́dọọdún. Ta ni yóò gbẹ́ ojú ìyá wa sára èédú?

Ẹnìkan lè sọ pé iná ti wà nínú ọ̀dàn láti ìgbà ìwásẹ̀. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ẹkún mi ti pọ̀ jù, torí pé kì í ṣe igi nìkan la pàdánù. A pàdánù ètò. Láyé àtijọ́, igbó kì í jó bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́. Àwọn ọdẹ ló ni ọjọ́ rẹ̀. Olú-ọdẹ àti àwọn àgbà á wo koríko, wọ́n á wo ìrì, wọ́n á wo atẹ́gùn, wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á sì kéde rẹ̀. Ẹni tó bá dáná ṣáájú ọjọ́ náà rí ìjà ìlú. Gbogbo ọkùnrin á ti ro etí oko kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á dúró yí ibi tó ń jó ká, wọn kò ní kúrò títí yóò fi kú. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń fẹ́, nígbà tí ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù díẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń rìn nílẹ̀, ó ń jó lábàwọ́n-lábàwọ́n, kì í gun igi, ó sì ń jẹ koríko tí ì bá di oúnjẹ fún iná ńlá lẹ́yìn ọ̀la. Iná inú Èrèlè àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ tán, ìyẹn ni apànìyàn, ìyẹn ni apagi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà nìkan. Ní Olókèmejì ní Nàìjíríà, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àwọn aṣọ́gbó ìjọba pín ilẹ̀ ọ̀dàn sí abala ní nǹkan bí ọdún 1929. Wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, wọ́n ń sun èkejì ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tó fi máa di ọgbọ̀n ọdún, abala tí iná kò kàn ti di igbó kìjikìji, igi igbó òjò ti ń hù níbẹ̀. Èyí tí iná òpin ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ ti di koríko, igi ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Ìyàtọ̀ kò ju bóyá wọ́n ṣáná sí i àti oṣù tí wọ́n ṣáná lọ. Ohun tí àwọn Olú-ọdẹ wa mọ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, a sì jẹ́ kí ó bá wọn wọ ilẹ̀.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ náà kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Òfin igbó 93-009 ti ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ ọdún 1993 lòdì sí dídáná sun igbó láìní ìkáwọ́. Láti 1985 ni wọ́n ti ya ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdu sọ́tọ̀ fún gbígbin igi jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 2013, wọ́n tún pariwo igi mílíọ̀nù mẹ́wàá fún ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ dára. Síbẹ̀, nínú ìṣirò FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, igbó Bẹ̀nẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 5,760,000 hẹ́kítà ní 1990 ti di nǹkan bí 4,560,000 ní 2010. Iná nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́, àáké àti èédú àti oko tuntun jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ igi tí a gbìn ní Òkúdu, tí ẹnikẹ́ni kò ro ìdí rẹ̀ ní Bélú, a gbìn ín fún iná ni. Ọjọ́ gbígbìn la ń ya fọ́tò. Ọjọ́ ríro kò ní ìlù.

Ẹ má sì rò pé ìṣẹ́ ló fà á, pé àwọn ọlọ́rọ̀ ti bọ́ nínú rẹ̀. Ìlú Paradise ní Kalifọ́níà jóná ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Bélú ọdún 2018, ènìyàn 85 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Ògún ọdún 2023, iná koríko wọ Lahaina ní erékùṣù Maui. Olú ìlú ọba Hawaii ni Lahaina jẹ́ nígbà kan, ìlú aládé bíi Kétu. Ó jó láàárín ọjọ́ kan, àwọn tó kú lé ní 100. Fèrè ìkìlọ̀ wà lórí òpó ní gbogbo erékùṣù náà, kò sí ẹni tó fọn ún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ omi panápaná wà lójú pópó, omi inú rẹ̀ kò ní agbára mọ́. Oko ìrèké àtijọ́ tí wọ́n pa tì ló yí ìlú ká, koríko àjèjì sì ti gba ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn koríko náà ni guinea grass, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni wọ́n ti gbé e lọ. Nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ. Koríko tó ń jó lọ́dọọdún lẹ́yìnkùlé wa ló bá wọn jó ìlú ọba wọn, àwọn tó ní bàálù àti owó kò sì rí i pa.

Ohun tó yọ abúlé wa jù ni pé ẹnìkan ṣì ń figbe ta, ẹnìkejì ṣì ń jáde. Ìyẹn ṣì wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní pẹ́ tí òun náà yóò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó já ẹ̀ka igi ti gba Kútọnu àti Èkó lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń dàgbà. Iná tó ń bọ̀ kò dàgbà.

Mo bẹ àwọn tó wà ní mẹ́rì Kétu, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ omi kékeré tó lè gba ọ̀nà oko wà lórí òkè yìí fúnra rẹ̀ láti Bélú dé Ẹrẹ́nà, kí ìkòkò omi ńlá tí a kò gbọdọ̀ mu wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún àwọn tó ń pa iná ní bàtà àti ìbòmú àti owó oúnjẹ ọjọ́ náà. Mo bẹ ẹ̀yin Olú-ọdẹ tí ẹ ṣẹ́ kù, ẹ pe àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí ẹ dá ọjọ́ iná bí bàbá yín ti ń dá a, kí ẹ sì jẹ́ kí aṣọ́gbó ìjọba wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní 118. Ẹ̀yin ọmọ Kétu tó wà lẹ́yìn odi, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ fún òkú, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ro etí oko àwọn ìyá yín. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí Bélú yóò tún fi dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ro ó nísinsìnyí.